Aago Tí Kò Bọ́ Sódò

Àwọn òkú ìlú Harcliffe kò fẹ́ràn ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa nìyẹn láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta tí tíì mi sì ti tutù sínú ife. Èèyàn mọ́kànlélógún ló ti jókòó níwájú Tabitha Pilling láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Méjìdínlógún nínú wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ òkú wọn bí ẹni pé òkú náà kàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni: orúkọ ìnagijẹ, àpá orúnkún, orin tó máa ń kọ bó bá ń dán bàtà. Àwọn mẹ́ta yòókù kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ẹni kìíní, baba arúgbó tó ń ṣọ́ afárá ni ẹni kejì, ẹni kẹta sì ni ọ̀gá mi, Dókítà Averill. Gbogbo wọn ló ní irùngbọ̀n tó bo ètè.

"Sà," mo ní, "ó jọ pé àwọn òkú ń sá fún irùngbọ̀n."

Dókítà kò gbójú sókè. Ó ń fi àbẹ́là yọ́ ìda tó fẹ́ fi lẹ ilẹ̀kùn pa. "Hester, mi ò mú ẹ wá síbí láti wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní London ló rán an wá láti yẹ iṣẹ́ obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ yìí wò. Ogun ńlá ti parí láti ọdún tó kọjá, ìyẹn 1918, kò sì sí òpópónà tí abókùúsọ̀rọ̀ kò sí ní gbogbo agbègbè Lancashire wa, nítorí kò sí òpópónà tí ọmọ ẹnì kan kò kú. Èmi ni mo ń bá Dókítà kọ̀wé, èmi ni mo ń tọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mú mi dání nítorí pé Harcliffe ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti fi ọdún méje hunṣọ níbẹ̀ kí n tó sá lọ sí London. Ìgbà tí a dé ni mo tó sọ fún un pé ìyá mi wà lára àwọn tó ń jókòó níwájú Tabitha. Inú rẹ̀ dùn ju bó ti yẹ lọ.

Clem, àbúrò mi kan ṣoṣo, lọ sójú ogun ní France ní 1916, kò sì padà. Kò sí òkú, kò sí ibojì, wáyà kan péré ló dé pé wọn ò rí i. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò tíì pè é ní òkú. "Clem ò tíì dé," ni wọ́n máa ń wí. Ẹnu Tabitha ni wọ́n ti gbọ́ pé òtútù kò mú un mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn wọn, ó sì ti gba oorun lójú wọn: ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, àbí òun nìkan ló wà nínú ẹrẹ̀? Tabitha ti ṣèlérí pé Clem á fúnra rẹ̀ dáhùn ní ọjọ́ Àìkú, ìyẹn ọ̀la.

Dókítà gbà pé jìbìtì ni, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó gbà wọlé. Yàrá tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù Jabez Whittam, tó ń ṣe bàtà onígi, ni àwọn èèyàn ti ń pàdé òkú wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan. Láàárín wákàtí náà, Dókítà á ti Tabitha mọ́ inú ilé tirẹ̀ ní òdìkejì òpópónà, á fi òwú dí i létí, á sì fi ìda lẹ ilẹ̀kùn. Obìnrin náà á jókòó ti Bíbélì rẹ̀ ní fèrèsé òkè, lẹ́yìn kọ́tìnì léèsì, títí wọn ó fi wá pè é. Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bó bá ti dé, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn náà ló ti mọ̀.

Ògiri létí, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Dókítà gba òwe náà gbọ́ dórí eegun. Ó ti kan gbogbo ògiri Jabez, ó ti tú pákó ilẹ̀, ó ti wá okùn tẹlifóònù títí dé inú ihò èéfín. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó gbá Jabez fúnra rẹ̀ mú.

"Ìwọ lò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ìsàlẹ̀," ó ní.

Jabez gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wo, Dókítà?"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí ó tó dé."

"Àwọn obìnrin yẹn? Wọn kì í sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti jókòó, mi kì í gbọ́ ju kí àga máa ké lọ. Ìyàwó mi gan-an wà lára wọn. Ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, kó wá máa ṣe é nílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Mo ṣí ìwé mi. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn àkókò àti orúkọ, ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́: *Wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́.* Irọ́ ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti ìyá mi sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí nípa ṣòkòtò Clem, bóyá ká fi tọrẹ àbí ká fi í sílẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ oyún tó bà jẹ́ lára ọmọ rẹ̀. Ìyàwó Jabez sunkún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wa. Kò sẹ́ni tó fi ohùn sí i.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú ilé ìhunṣọ kò lè mọ̀. Irinwó òfì onírin ló ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, ìbọn lè dún létí ẹ kí o má gbọ́. Ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀ láìsí ohùn, a ó máa la ètè gbàgàdà, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun yàrá á sì ka gbogbo rẹ̀. Bí a bá délé, àṣà náà kì í bọ́. Ará ìlú mìíràn ń sọ àṣírí wúyẹ́wúyẹ́. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ohùn là ń yọ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, a ó sì gbà pé a ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé a dákẹ́. Ọlọ́gbọ́n tí wọ́n mú wá láti London rèé.

Ògiri létí, ṣùgbọ́n fèrèsé lójú. Àfi ẹni tí irùngbọ̀n bá bo ètè rẹ̀.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Dókítà wí nígbà tí mo ṣàlàyé tán. "Obìnrin yẹn kò hunṣọ rí. Ó ti sọ fún mi pé ilé àlùfáà kan létí òkun lòun ti ń ṣe ìtọ́jú ilé."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a mu tíì, sà."

Mo mú kéèkì dání lọ. Tabitha Pilling jẹ́ obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, ó rí kékeré, ìborùn dúdú kò kúrò léjìká rẹ̀. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀.

"Ọmọ Nancy. O ti rù, ọmọ mi. Ṣé wọn ò ní oúnjẹ ní London ni?"

"Wọ́n ní in, màmá. Wọn ò mọ̀ ọ́n sè ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gé kéèkì jẹ, mo sì rí ohun tí mo bá wá. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti jẹ níbi tí wọ́n ti pàdé, ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ahunṣọ ń fi ẹnu fa òwú gba ojú ọkọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú sáré nínú òfì. Bó bá fi ogún ọdún ṣe é, ọkọ̀ á gbẹ́ ibùgbé sí eyín rẹ̀. Èmi náà ní tèmi, kékeré, mo máa ń fi ahọ́n kàn án bí mo bá ń ronú. Kò sí àlùfáà létí òkun kankan tó ń ṣe irú èyí síni lẹ́nu.

Nígbà tó kẹ̀yìn sí mi láti da omi gbígbóná, mo ti àwo tánganran tó wà létí tábìlì ṣubú. Ológbò rẹ̀ fò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Òun kò tilẹ̀ mira. Ìgbà tó yíjú padà tó rí àfọ́kù nílẹ̀ ló tó ní, "Háà, ó mà ṣe o, má dá ara ẹ lẹ́bi." Adití pátápátá ni, Dókítà sì ti ń fi òwú dí etí náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ mú ìgbálẹ̀. Mo bá jókòó sórí àga rẹ̀ ní fèrèsé, mo wo òdìkejì láàárín léèsì. Ìyàwó Jabez ń nu ilẹ̀ yàrá náà, ó ń kọrin ìsìn. Mo ka ẹsẹ kejì orin náà lẹ́nu rẹ̀ láìṣì.

Inú mi kò dùn. Mo ti rò pé á dùn.

"Eyín kì í ṣe ẹ̀rí," Dókítà wí. "Etí dídi náà kì í ṣe ẹ̀rí. Irọ́ ni mo fẹ́, Hester. Irọ́ kan tí ẹ máa fi ẹnu yín sọ láìdún nínú yàrá yẹn, tí kò sí níbòmíràn láyé. Bí òkú bá wá sọ irọ́ náà fún wa, a ti mú un. Kí lo ní?"

Mo ní nǹkan kan. Ó wà nínú àpò mi láti ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí Clem ń lọ, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin ní London. Ó yọ aago àpò bàbá wa, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Bá mi tọ́jú ẹ̀," ó ní. "Má jẹ́ kí Màmá mọ̀ o. Wọ́n á ní mo ti mọ̀ pé mi ò ní padà." Nígbà tí wáyà dé, ó yẹ kí n gbé aago náà lọ fún ìyá mi. N kò gbé e lọ. Òun nìkan ni mo ní nínú Clem, mo sì ṣe ahun pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá mi gbà pé aago náà wà lára ọmọ wọn ní France.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní agogo méjì ọ̀sán, mo jókòó ti ìyá mi nínú yàrá òkè náà. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn wà níbẹ̀. Dókítà jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Mo kọjú sí fèrèsé, mo fọwọ́ kan orúnkún ìyá mi, mo sì la ẹnu láìfi ohùn sí i.

*Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí Clem ní kí n má sọ.*

*Sọ ọ́,* ni ètè wọn wí.

*Aago Bàbá. Kò mú un lọ sógun. Ọjọ́ tó ku ọ̀la tó máa lọ, ó ń ṣeré lórí afárá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, aago bọ́ sódò. Ẹ̀rù bà á láti sọ fún yín.*

Ìyá mi wò mí. N kò gbàgbé ojú náà. Wọn kò bínú. *Òmùgọ̀ ọmọ,* ni ètè wọn wí. *Abájọ tó fi dì mọ́ mi bẹ́ẹ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé ogun ló ń bà á lẹ́rù. Àṣé aago lásán ni.* Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ti fún wọn ní ìrántí tí kò ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti gbé e mọ́ra.

Mo gbójú wo òdìkejì òpópónà. Léèsì náà kò mira.

Nígbà tí Tabitha dé, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n tan fìtílà pupa kan ṣoṣo, Dókítà sì sún àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó máa ń ní kí wọ́n kọjú fìtílà náà sí àwa, kí òun wà nínú òkùnkùn. Dókítà ti rò pé nítorí àtifi ọwọ́ pamọ́ ni. Ojú wa ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí. A kọ orin kan, ó mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó rọ̀ bí ti ọ̀dọ́kùnrin.

"Màmá."

"Clem," ni ìyá mi dáhùn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Aago Bàbá. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́, ọkọ mi. Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Ta ló ń rí ti aago rò?"

Bàtà Dókítà kàn mí lẹ́sẹ̀. *Ó tó,* ló túmọ̀ sí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ìyá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n di etí tábìlì mú.

"Clem, gbọ́ mi. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ẹ?"

Tabitha mí sínú. Dókítà tún ta mí nípàá. Ǹ bá dúró. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń kọ́ bí a ṣe ń fi òótọ́ ṣáájú ohun gbogbo, mo sì fẹ́ kí Dókítà rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gbé aago náà lé orí tábìlì, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fìtílà. Ó ń dún kì-kì-kì. Mo ti yí i láàárọ̀ kó lè máa ṣiṣẹ́.

Dókítà fa kọ́tìnì ṣí. "Aago tó bọ́ sódò rèé," ó ní. "Kò tilẹ̀ tutù."

Ìyá mi ṣí ìdérí aago náà. Orúkọ bàbá mi wà nínú rẹ̀. Wọ́n tì í padà jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀mí máa ń ṣìnà," Tabitha wí. "Àwọn ẹ̀mí mìíràn ń purọ́."

Mo fi ìwé orin bo ẹnu mi. "Màmá Pilling, kí lorúkọ ológbò yín?"

Ó ń wo ìwé náà. Kò dáhùn. Mo tún bi í, mo pariwo, àwọn obìnrin tó kù gbọ̀n. Ó kàn ń wo ìwé orin bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Nígbà tí mo gbé e kúrò, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ọdún mélòó lẹ fi hunṣọ?" mo bi í.

"Mẹ́tàlélógún. Ní Oldham."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ṣe èyí? Ẹ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ọmọ méjì ni mo ní," ó ní. "Wọ́n lọ lọ́sẹ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó wá purọ́ fún mi."

Dókítà ti kẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ̀wé ní ìdí fèrèsé. Àwọn obìnrin mẹ́rin náà ń wá ìborùn wọn. Ìyá mi yíjú sí Tabitha, wọ́n sì la ẹnu láìsí ohùn.

*Kí ni ì bá sọ?*

Tabitha wò wọ́n títí. *Pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ òun,* ni ètè rẹ̀ wí. *Pé ó di òun lọ́wọ́ mú.*

Ìyá mi mi orí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá yíjú sí, ohùn ni wọ́n sì fi sọ èyí.

"O ò lè jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, Hester?"

Mo ka ìwé Dókítà lẹ́yìn náà. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí àṣírí tú, ìyá náà àti abókùúsọ̀rọ̀ wo ara wọn, wọ́n dákẹ́. N kò tún un ṣe.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n sùn nílé lọ́jọ́ náà. Wọn kò lé mi, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn wọn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Dókítà àti èmi wọ ọkọ̀ ojú irin. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ nípa ìròyìn tó máa kà fún ẹgbẹ́, ó ní orúkọ mi á wà níbẹ̀. Ó ní irùngbọ̀n òun ló tú àṣírí náà, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Mo gbójú sókè, mo sì rí ìyá mi ní òdìkejì ibùdókọ̀, lẹ́yìn irin ojú ọ̀nà méjì. Wọ́n wọ bàtà onígi tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́. Aago bàbá mi wà lọ́wọ́ wọn. Mo dìde lọ dúró ní fèrèsé. Dígí wà láàárín wa, ẹ̀rọ ọkọ̀ sì ti ń pariwo, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dí wa lọ́wọ́. Ìyá mi la ètè wọn gbàgàdà, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nídìí òfì, kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ kankan kà.

*Ọmọ méjì ni mo bí. Àwọn méjèèjì ti kú.*

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pe Clem ní òkú. Ọkọ̀ gbéra, wọ́n sì kúrò lójú mi.

"Mo rí ìyá ẹ," Dókítà wí. "Wọ́n sọ̀rọ̀, àbí? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká dé're, sà."

Ó mú gègé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.